Líìgì Bọ́ọ̀lù Obìnrin Ìpele Kejì: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀ Kí Ọmọ Tó Fọwọ́ Síwèé

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan láti ìlú Oǹdó pè wá lórí fóònù. Ọmọ ọdún 16 ni ọmọbìnrin rẹ̀. Ó ń lọ iléèwé, ó ń lọ ilé kéwú ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan rí i lórí pápá, ó ní kí ó wá dán ara rẹ̀ wò ní Àkúrẹ́, nítorí pé wọ́n ń kó ọmọ jọ fún líìgì ìpele kejì. Bàbá ọmọ náà ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ìyá kò mọ èyí tí òun ì bá sọ. Ó wá bi wá pé: "Ìpele kejì wo ni wọ́n ń wí yìí? Ṣé iṣẹ́ ni àbí eré? Ṣé wọn ò sì ní ní kó ṣí orí sílẹ̀?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Láti ìgbà tí Super Falcons ti gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, 2025, àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òbí tó ń bi wá léèrè. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa lẹ́sẹẹsẹ.

Kí ni ìpele kejì yìí?

Àjọ tó ń darí líìgì bọ́ọ̀lù obìnrin ní Nàìjíríà ni NWFL, abẹ́ àjọ NFF ló sì wà. Ẹ fojú inú wò ó bí ilé alájà mẹ́ta. Àjà tó wà lókè pátápátá ni NWFL Premiership. Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ bíi Bayelsa Queens, Edo Queens àti Rivers Angels ti ń figa gbága. Àjà àárín ni NWFL Championship, òun gan-an ni ìpele kejì tí à ń sọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni NWFL Nationwide, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àtẹ̀gùn wà láàárín àjà kan àti èkejì. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa jù lọ ní ìpele kejì á gòkè lọ sí Premiership ní sáà tó tẹ̀ lé e. Èyí tó bá kẹ́yìn ní Premiership á já wálẹ̀ sí ìpele kejì. Ohun tó ń mú kí ìpele yìí gbóná nìyẹn: ẹgbẹ́ tó já wálẹ̀ ń jà láti padà sókè, ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà náà sì ń jà láti dé ibi tí kò dé rí.

Bí ẹgbẹ́ kan bá borí, ó gba àmì mẹ́ta. Bí wọ́n bá gbá ọ̀mì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba àmì kan. Ẹni tó bá fìdí rẹmi kò gba nǹkan kan. Ní Premiership, ẹgbẹ́ mẹ́fà tó ta yọ ló ń pàdé ní ìparí sáà fún ìdíje tí wọ́n ń pè ní Super Six, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó gba líìgì. Ọdún 2025 ni wọ́n gbá a ní Ìkẹ́nnẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Bayelsa Queens ló sì gbé ife náà lọ.

Ti ìpele kejì kò rí bákan náà. Ètò rẹ̀ máa ń yí padà láti sáà dé sáà, ó sì máa ń kúrú ju ti òkè lọ. Wọ́n á pín àwọn ẹgbẹ́ sí ìsọ̀rí, wọ́n lè kó àwọn tó wà nínú ìsọ̀rí kan jọ sí ìlú kan, kí wọ́n máa gbá a tẹ̀léra-tẹ̀léra láàárín ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé owó ọkọ̀ àti owó ilé ìtura kò kéré. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún òbí ni pé ọmọ lè kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, kí ó sì tún gbá òmíràn láìpẹ́. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ta ló ni àwọn ẹgbẹ́ yìí?

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni púpọ̀ nínú wọn. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, Sunshine Queens ti Àkúrẹ́ ni ẹgbẹ́ obìnrin tí gbogbo èèyàn mọ̀. Àjọ bọ́ọ̀lù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń bójú tó o, òun náà ló ń bójú tó Sunshine Stars ti àwọn ọkùnrin. Adó-Èkìtì ní Ekiti Queens, Òṣogbo ní Osun Babes.

Àwọn mìíràn jẹ́ ti aládàáni. FC Robo Queens ti Èkó wà lára wọn. Ní Ìkẹ́nnẹ́, Remo Stars tó gba líìgì àwọn ọkùnrin ní 2025 ní ẹgbẹ́ obìnrin tó ń jẹ́ Remo Stars Ladies. Ìdí kan tí irú èyí fi ń pọ̀ ni pé àjọ CAF ti sọ ọ́ di òfin pé ẹgbẹ́ ọkùnrin tó bá fẹ́ kópa nínú ìdíje Champions League Áfíríkà gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ obìnrin. CAF fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ Champions League ti àwọn obìnrin ní 2021. Ní 2022, Bayelsa Queens ṣe ipò kẹta níbẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tó wà fún ọmọbìnrin lónìí ju ti ogún ọdún sẹ́yìn lọ.

Ibi tí ọ̀nà náà lè gbé ọmọ dé

Orúkọ tí gbogbo ilé mọ̀ ni Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú. FC Robo ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí Rivers Angels, lẹ́yìn náà ló kọjá sí Liverpool ní 2015. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ní ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún ní Kánádà, òun ló gba góòlù jù lọ, òun náà ni wọ́n tún fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ. Ó di ọmọ obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Champions League ilẹ̀ Yúróòpù, pẹ̀lú Barcelona ní 2021. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti fi jẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó ta yọ jù lọ ní Áfíríkà. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn òbí òun kò kọ́kọ́ fẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù.

Rasheedat Ajibade náà, ọmọ Múṣin, FC Robo ló ti jáde. Ó gba Nọ́wè kọjá, ó lọ sí Atlético Madrid ní Sípéènì, ó sì wá dé Paris Saint-Germain ní 2025. Òun ni balógun Super Falcons lọ́jọ́ tí wọ́n fi 3 sí 2 na Mòrókò nílé wọn ní Rabat, lẹ́yìn tí Mòrókò ti kọ́kọ́ gba góòlù méjì. Òun náà ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìdíje ọ̀hún.

A mẹ́nu kan àwọn wọ̀nyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀nà náà là. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ. Fún ẹnì kan tó dé Barcelona, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n sì padà sílé. Bí ìwé bá wà lọ́wọ́ wọn tàbí iṣẹ́ ọwọ́, kò sí wàhálà. Bí kò bá sí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń di ẹkún.

Ọ̀rọ̀ owó

Ìyá yẹn bèèrè bóyá iṣẹ́ ni àbí eré. Ìdáhùn wa ni pé ó wà láàárín méjèèjì. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń san owó oṣù. Àwọn mìíràn kò fún ọmọ ju oúnjẹ, ibùsùn àti owó díẹ̀ lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ. Káàkiri Nàìjíríà, owó tí wọ́n ṣèlérí fún agbábọ́ọ̀lù obìnrin sábà máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́.

Àwọn tó wà lókè téńté pàápàá ti rí i. Ní 2004, lẹ́yìn tí Super Falcons gba ife Áfíríkà ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n kọ̀, wọn ò kúrò ní ilé ìtura títí wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ owó wọn. Ní 2016, wọ́n gba ife ní Kamẹrúùnù, wọ́n tún padà wá fẹ̀hónú hàn ní Àbújá. Ní 2019, wọ́n tún jókòó sí ilé ìtura ní ilẹ̀ Faransé nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Ní 2025 ni nǹkan yí padà fún wọn: Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde owó náírà tó tó dọ́là 100,000 fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilé oníyàrá mẹ́ta àti oyè ìdálọ́lá OON. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ọjọ́ ayọ̀ nìyẹn, kì í ṣe owó oṣù ìpele kejì. Òbí tó bá fi ẹ̀bùn Super Falcons ṣe òdiwọ̀n ohun tí ọmọ rẹ̀ máa gbà yóò kàn ṣe àṣìṣe ni.

Híjáàbù, ìrun àti ààwẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ti ń dúró rè é. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin bọ́ọ̀lù wí.

Ní 2007, rẹfirí kan ní Kánádà lé ọmọ ọdún 11 kan kúrò lórí pápá nítorí híjáàbù, àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé sì gbè sẹ́yìn rẹfirí náà. Ní 2011, àwọn obìnrin Ìránì pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Jọ́dánì láìgbá bọ́ọ̀lù, nítorí pé wọ́n bo orí. Lẹ́yìn àríyànjiyàn púpọ̀, pẹ̀lú akitiyan Ọmọba Ali ti Jọ́dánì, wọ́n gbà á láàyè fún ìdánwò ní 2012. Oṣù Kẹta 2014 ni ó wá di òfin pátápátá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, 2023, Nouhaila Benzina ti Mòrókò di ẹni àkọ́kọ́ tó wọ híjáàbù gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje àgbáyé àwọn àgbà obìnrin, nígbà tí wọ́n pàdé Gúúsù Kòríà ní Ọsirélíà.

Òfin kẹrin nínú òfin bọ́ọ̀lù ló sọ bí ìbòrí náà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú tàbí àwọ̀ kan náà pẹ̀lú jẹ́sì. Bí ọmọ méjì bá wọ̀ ọ́ nínú ẹgbẹ́ kan náà, àwọ̀ kan ni tiwọn gbọ́dọ̀ jẹ́. Wọn ò gbọdọ̀ rán an mọ́ jẹ́sì, kò gbọdọ̀ ní ohun tó yọ síta, kò sì gbọdọ̀ léwu fún ẹni tó wọ̀ ọ́ tàbí ẹlòmíràn. Nítorí náà, kò sí ààyè fún pín-ìnnì tàbí búróòṣì. Èyí tó fún mọ́ orí, tó sì ṣeé fà bọ́ sílẹ̀, ló dára. Òfin náà gba ọmọ láàyè láti wọ aṣọ alápá gígùn sábẹ́ jẹ́sì, bí àwọ̀ rẹ̀ bá bá apá jẹ́sì mu, àti ṣòkòtò gígùn tó lẹ̀ mọ́ ara sábẹ́ ṣòkòtò bọ́ọ̀lù, bí àwọ̀ òun náà bá bá a mu. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ yín ní Àkúrẹ́ tàbí níbikíbi pé òfin bọ́ọ̀lù kò gba híjáàbù, ẹ sọ fún un pé láti 2014 ni ìyẹn ti kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbà bẹ́ẹ̀ nínú líìgì tirẹ̀ o. Ní ilẹ̀ Faransé, àjọ bọ́ọ̀lù wọn kò gba ìbòrí, ilé ẹjọ́ Conseil d'État sì gbè é lẹ́yìn ní oṣù Kẹfà 2023. Ọmọ tó ń lá àlá òkè òkun yẹ kí ó mọ èyí kí ọjọ́ náà tó dé.

Ní ti ìrun, ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 15 láàárín. Bí kò bá sí ìdíwọ́, ó ti parí kí aago mẹ́fà tó lù, oòrùn kò sì tíì wọ̀. Ìrun Alaásárì kò yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó bá múra sílẹ̀. Ohun tí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni bóyá àyè wà láti kírun ní ibùdó àti nígbà ìrìn àjò. Ní ti ààwẹ̀ lójú ìrìn àjò, ẹ bi Ààfáà yín.

A kì í ṣe ilé fátíwà. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá fún obìnrin, ẹnu wọn kò sì kò lórí gbogbo rẹ̀: àwọn kan tẹnu mọ́ aṣọ, àwọn kan tẹnu mọ́ ìrìn àjò láìsí mọ̀lẹ́bí, àwọn kan tẹnu mọ́ pé ojú ọkùnrin wà níbẹ̀. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni ìtàn bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe bá Àíṣátù sáré ìje, tí Àíṣátù kọ́kọ́ gbégbá orókè, tí òun náà sì wá borí lẹ́yìn náà. Eré ìdárayá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Bí ọmọ ṣe máa ṣe é, níbo, pẹ̀lú ta ni, ni kí ẹ bá Ààfáà tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jókòó sọ.

Ìwé àdéhùn àti àwọn oníjìbìtì

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìwé tí ọmọ máa fọwọ́ sí ni ohun tó léwu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí pé òun ni òbí kì í sábà kà.

Òfin FIFA sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn tó ju ọdún mẹ́ta lọ. Bí ẹnìkan bá gbé ìwé ọdún márùn-ún wá fún ọmọ ọdún 16, ẹ dá a padà fún un. Kí ẹ sì rí i pé ẹ gba ẹ̀dà tiyín. Àdéhùn tí wọ́n kò fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìkejì, FIFA kò gbà kí wọ́n mú ọmọ tí kò tíì pé 18 kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nítorí bọ́ọ̀lù, àyàfi fún àwọn ìdí díẹ̀, bíi kí òbí fúnra wọn ti kó lọ síbẹ̀ fún ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ẹni tó bá wá bá yín ní Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ pé òun fẹ́ gbé ọmọ ọdún 15 lọ sí Yúróòpù lọ gbá bọ́ọ̀lù, tó ní kí ẹ mú owó físà wá, ẹ sá fún un. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sóko ẹrú nìyẹn. Aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIFA, ẹ sì lè wo orúkọ wọn lórí ìkànnì FIFA. Kò lè bá ọmọ tí kò tíì pé 18 ṣe àdéhùn láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ara. Orúnkún obìnrin máa ń tètè ṣèṣe lórí pápá ju ti ọkùnrin lọ, ìtọ́jú rẹ̀ sì lè gba iṣẹ́ abẹ àti oṣù mẹ́sàn-án ìsinmi. Ta ló máa san owó ilé ìwòsàn? Kí ìdáhùn wà nínú ìwé.

Ìwé kíkà kò gbọdọ̀ dúró

Ìpínlẹ̀ wa kò ṣàìní iléèwé. FUTA wà ní Àkúrẹ́. Yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Adéyẹmí àti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn UNIMED wà ní ìlú Oǹdó. Àwọn yunifásítì ní ìdíje tiwọn, NUGA, tí bọ́ọ̀lù obìnrin wà nínú rẹ̀. Ọmọ lè ka ìwé kí ó sì gbá bọ́ọ̀lù, bí sáà líìgì kúkúrú yẹn kò bá bọ́ sí ìgbà ìdánwò. Ẹ bèèrè déètì kí ẹ tó gbà.

Ìbéèrè méje tí ẹ lè gbé lọ bá ẹgbẹ́

1. Ṣé ẹgbẹ́ yìí forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NWFL, ìpele wo sì ni?
2. Èló ni owó, ìgbà wo ló ń dé, ṣé ó wà nínú ìwé?
3. Níbo ni àwọn ọmọ ń sùn, obìnrin wo ló ń bójú tó wọn?
4. Ta ló ń san owó ìtọ́jú bí ọmọ bá ṣèṣe?
5. Ṣé wọ́n máa pèsè ìbòrí àti aṣọ abẹ́ tó bá jẹ́sì mu, ṣé àyè ìrun wà?
6. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ ní àkókò wáẹ́ẹ̀kì àti ìdánwò?
7. Ta ni òbí máa pè bí ọmọ bá ní ẹ̀sùn sí akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Ìbéèrè keje yìí ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òun lè sọ̀rọ̀ nílé, tí wọn ò sì ní pariwo mọ́ òun, ni ọmọ tí a lè gbà là kí nǹkan tó bàjẹ́.

Ìyá tó pè wá ńkọ́? Ó ka àwọn ìbéèrè wọ̀nyí fún ọkọ rẹ̀. Bàbá tó ní kò sóhun tó jọ ọ́ yìí ló wá gbé ọmọ sínú ọkọ̀, wọ́n gba Òwèna lọ sí Àkúrẹ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú híjáàbù dúdú lórí, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wò ó nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tó fẹ́ bèèrè. Wọ́n dáhùn ti aṣọ, ti ìrun àti ti ibùsùn dáadáa. Ti owó ìwòsàn àti ti ìwé, ẹnu wọn kò gún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n lọ tún ìwé náà kọ.

Ìpinnu wọn ni pé ọmọ máa parí wáẹ́ẹ̀kì rẹ̀ ná, kí ó máa gbáradì ní Oǹdó ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì padà lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá sọ fún wa pé ọmọ náà sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Òwèna, bàbá rẹ̀ ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé nọ́ńbà wo ló fẹ́ wọ̀.

Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fi ọ̀nà tó dára hàn wá lórí ọ̀rọ̀ wọn. Àmín.